Adìyẹ tó há fún ẹ lọ́sẹ̀ kẹfà: má sá padà sídìí omi ẹran

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tó o kọ kí n tó dáhùn. O ní wọ́n ṣe sleeve fún ẹ, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé ikùn kéré kí ìwọ̀n ara lè dín kù, o ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ní kó o bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ líle, o jẹ adìyẹ díẹ̀, ó há, o bì í, àtìgbà yẹn o ò tún fi nǹkan tó le kan ẹnu mọ́, omi ẹran àti yógọ́ọ̀tì lo ń mu látàárọ̀ dalẹ́. O wá ń béèrè pé ṣé iṣẹ́ abẹ náà ti bà jẹ́ ni. Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Tèmi ò tiẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni, ìgbà tó ṣì yẹ kí n máa jẹ oúnjẹ lílọ̀. Ebi ò pa mí o, òórùn oúnjẹ àwọn ará ilé ló fà mí, mo bá mú àyà adìyẹ tó ti wà nínú fíríìjì láti àná, mo gbé e gbóná, ó ti gbẹ, mo wá ń jẹ ẹ́ bí mo ṣe máa ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó ṣe mí lábẹ. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo gbé mì ló há. Àárín àyà ló ti dùn mí, bíi kí èèyàn fi ẹ̀ṣẹ́ tì mí níbẹ̀ kó má gbé e kúrò, itọ́ wá ń sun lẹ́nu mi, itọ́ tó ki, tó ń hó bí ọṣẹ, bí mo bá ti gbé e mì ó tún ń padà wá. Mo ní kí n mu omi kó lè tì í sọ̀kalẹ̀, àṣìṣe ńlá ni, torí omi náà ò ríbi kọjá, orí ẹran yẹn ló jókòó sí, ìrora ọ̀hún wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí gbogbo ẹ̀ tó jáde. Tó bá tún há fún ẹ, má mu nǹkan kan, dìde dúró, rọra máa rìn, tu itọ́ náà dànù, fún un láyè.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló burú ju híhá náà lọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni mo fi sá fún oúnjẹ líle. Mo ń mu nǹkan olómi, mo ń lá yógọ́ọ̀tì, bisikíìtì tó bá ti yọ́ lẹ́nu mo ń jẹ ẹ́, torí ìyẹn kì í há. O ò rí i, ohun tó rọ̀ tó sì ń yọ́ máa ń yọ̀ kọjá nínú ikùn tuntun yìí kíákíá ni, kì í pẹ́ níbẹ̀, ebi á tún dé láàárín wákàtí kan, èèyàn á máa jẹ kiri. Ìwọ̀n mi dúró sójú kan, ó rẹ̀ mí débi pé àtẹ̀gùn ilé wa di ìṣòro, irun mi ń já. Ìgbà tí mo padà sílé ìwòsàn, dayẹtíṣàn, ìyẹn ẹni tó ń tọ́ wa sọ́nà lórí oúnjẹ, ní kí n ka gbogbo ohun tí mo jẹ lánàá, ó ṣírò ẹ̀ níwájú mi, purotéènì ibẹ̀ ò pé giramu 30. Giramu 60 sí 80 lójúmọ́ ni wọ́n sì ti ní kí n máa lé. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó là mí lójú ni àlàyé tó ṣe. Ó ní nínú sleeve, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ikùn ni wọ́n gé kúrò, ohun tó ṣẹ́ kù rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan báyìí, apá tó máa ń fẹ̀ kó lè gba oúnjẹ ti lọ. Torí náà iṣẹ́ tí ikùn ń bá ẹ ṣe tẹ́lẹ̀, eyín ẹ ló máa ṣe é báyìí. Kì í ṣe pé ikùn ẹ kórìíra adìyẹ, ó gbẹ ni, ó tóbi ni, àbí o yára jù, èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ híhá ò ju mẹ́ta yìí lọ.

Bí mo ṣe tún un bẹ̀rẹ̀ nìyí, ìwọ ṣáà kọ́kọ́ pe àwọn tó ṣe ẹ́ lábẹ, sọ fún wọn pé ó há, kí wọ́n mọ̀. Mo padà sórí oúnjẹ rírọ̀ fọ́jọ́ mélòó kan ná. Lẹ́yìn náà ẹja tó lómi lára, tí mo fi fọ́ọ̀kì tú wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀. Lẹ́yìn ẹja, ẹ̀wà tó jinná dáadáa. Adìyẹ wá gbẹ̀yìn, itan ni kì í ṣe àyà, mo lọ̀ ọ́, mo sè é nínú ọbẹ̀, lọ́jọ́ kan náà tí mo sè é ni mo jẹ ẹ́, torí ẹran tí wọ́n bá tún gbé gbóná máa ń gbẹ sí i. Ṣíbí tíì ni mo fi ń jẹun. Ohun tí mo bá bù ò gbọ́dọ̀ ju èékánná ìka mi tó kéré jù lọ, màá rún un títí, ogún ìgbà sí ọgbọ̀n, tó bá kù tí kò kúnná, màá tu ìyẹn dànù, ìtìjú ò sí níbẹ̀. Màá gbé ṣíbí sílẹ̀ kí n tó bu òmíràn. Fóònù ò gbọ́dọ̀ sí lórí tábìlì, torí ọjọ́ tí mo bá ń wò ó ni mo máa ń gbàgbé rún oúnjẹ.

Oúnjẹ tuntun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kó o lè mọ èyí tó dà ẹ́ láàmú. Mo ní ìwé kékeré tí mo ń kọ ọ́ sí. Ẹyin kọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo pa á tì fọ́sẹ̀ méjì méjì kí n tó tún gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀kẹrin ó lọ, ẹyin ni mo jẹ láàárọ̀ yìí. Búrẹ́dì rírọ̀ àti ìrẹsì, má tíì kánjú sí wọn, wọ́n máa ń lẹ̀ pọ̀, wọ́n máa ń wú nínú.

Omi ń kọ́? Má mu ún mọ́ oúnjẹ, jẹ́ kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó o jẹun, kó o wá máa fà á díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, lítà kan àtààbọ̀ ó kéré tán. Fítámì ẹ, máa lò ó bí wọ́n ṣe ní kó o lò ó, ìyẹn ò ní parí láéláé.

Ó tún ku ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Àmì pé o ti yó ò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Tèmi, imú mi á ṣàdédé máa ṣomi. Ẹlòmíì á sín, ẹlòmíì á ṣe òsúkè. Tó o bá ti mọ tìẹ, ibẹ̀ ni kó o dúró, kódà tó bá ku ṣíbí kan péré, torí ṣíbí kan yẹn ló ń dá gbogbo ìrora sílẹ̀. Àwọn ará ilé á ní o ò jẹun, wọ́n fẹ́ràn ẹ ni, ṣùgbọ́n wọn ò sí nínú ikùn ẹ.

Tí wọ́n bá ṣe bypass fún ẹni tó ń ka èyí, ìyẹn iṣẹ́ abẹ kejì tí wọ́n fi ń so ikùn kékeré mọ́ ìfun tààrà, ṣọ́ra fún ṣúgà ní tìẹ, ó lè sáré já sínú ìfun, kí àyà ẹ máa lù kìkì, kó o máa làágùn, kí òòyì máa kọ́ ẹ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọgbọ̀n.

Ìbéèrè ẹ pé ṣé iṣẹ́ abẹ náà ti bà jẹ́: adìyẹ kan tó há lẹ́ẹ̀kan ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá ń bì nígbà gbogbo tó o bá jẹun, tàbí omi lásán pàápàá ò dúró, má fara dà á nílé. Ó lè jẹ́ pé ibì kan ti há jù nínú ikùn náà, wọ́n sì lè fi bàlúùnù kékeré gba ẹnu wọlé lọ fẹ̀ ẹ́. Èébì tí ò dáwọ́ dúró tún máa ń jẹ́ kí fítámì B1 tán lára kíákíá, tí ojú ẹ bá wá ń rí nǹkan ní méjì méjì, tí ìrìn ẹ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tàbí tí nǹkan ń dà rú mọ́ ẹ lójú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o lọ, kó o sì sọ fún wọn pé o ti ń bì. Ibà, kí ọkàn máa sáré, inú rírun tó le tàbí èjìká dídùn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bí ò bá sí ìkankan nínú ìyẹn, tí wọ́n bá ti ní kó o tún gbìyànjú, ẹja ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, ṣíbí tíì méjì péré. Tó bá lọ, má fi nǹkan míì kún un lọ́jọ́ yẹn. Wá sọ fún mi bó ṣe rí, mò ń retí ẹ.