Ìwé àtúnṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àtijọ́, ẹ wo ara ẹ̀ ná

Ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ń wá ìwé tí wọ́n fi ń tún Yamaha 40 two-stroke ṣe, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ fúẹ́lì ẹ̀, èyí tí bàbá yín fi sílẹ̀ ní Aṣejire, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ lọ wo irin tó di ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, lápá òsì, lébẹ́ẹ̀lì kan máa ń wà níbẹ̀, ẹ fi kẹrosíìnì nu ìdọ̀tí ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ ya á ní fọ́tò. Yamaha 40 kì í ṣe oríṣi kan, tí lẹ́tà kan bá ti yàtọ̀ lára lébẹ́ẹ̀lì yẹn báyìí, kábúrétọ̀ ẹ̀ lè yàtọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tó ń wọ inú omi, náà lè yàtọ̀.

Ìwé tí wọ́n fọ́tòkọ́pì fún èmi ní Dùgbẹ̀ nígbà yẹn, ìwé ẹni tó kàn ń wà á ni, bí wọ́n ṣe ń sítáàtì ẹ̀ ló wà níbẹ̀, mi ò sì mọ̀yàtọ̀. Ni mo bá tú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì láti pààrọ̀ rọ́bà tó ń fa omi sókè kí ẹ́ńjìnnì má bàa gbóná. Irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kíì wà lára ṣáàfù ẹ̀, ó rí bí ìdajì òṣùpá, kò ju èékánná ọmọdé lọ, òun ló ń jẹ́ kí rọ́bà yẹn yí, àṣé ó ti já bọ́ sínú yẹ̀pẹ̀. Mo dì í padà, ó sítáàtì, inú mi dùn, a bọ́ sójú omi, ihò tó yẹ kó máa tọ omi jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ò tọ̀, mo ní bóyá ìdọ̀tí ló dí i jàre. Ká tó dé àárín, ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù, ó ti nọ́ọ̀kì. Àjẹ̀ la fi wa ọkọ̀ padà, àbúrò mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ìwó Road.

Service manual gan-an, ìyẹn ìwé tí mẹkáníìkì fi ń tún un ṣe, ni kẹ́ ẹ wá, kó bá lébẹ́ẹ̀lì yẹn mu. Ẹ wá parts catalogue, ìwé tó to gbogbo páàtì ẹ̀, náà kún un, ọ̀fẹ́ lẹ máa rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ nínú àwòrán, ká ní mo ti rí i ni, ǹ bá ti wá kíì mi. Ẹ tẹ ojú ewé tẹ́ ẹ nílò sórí pépà ṣá o, ọwọ́ tó kún fún gíríìsì ò ṣeé fi tẹ fóònù.

Ti ọ́ìlì, púpọ̀ nínú wọn, ìdajì líta ló ń lọ sí kẹ́ẹ̀gì fúẹ́lì 25 líta, àmọ́ àwọn tó ti pẹ́ gan-an ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé yẹn ló máa sọ. Kẹ́ ẹ rí TC-W3 lára ike ẹ̀, àmì ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì two-stroke ti ojú omi nìyẹn, tí wọ́n bá gbé ti ọ̀kadà fún yín ní ọjà Gate n'Ìbàdàn ẹ dá a padà. Ẹ fi fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì yẹn síbí kí n bá yín wò ó.