Kí ló dé tí gbẹ̀gìrì fi ń mú èèyàn só?

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó béèrè ní bí òun bá ti fi gbẹ̀gìrì jẹ láfún tán, òun ò lè jókòó ti èèyàn mọ́. Ẹ má tijú, ẹ̀wà inú rẹ̀ ló fà á. Ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà, raffinose lorúkọ rẹ̀, tí kì í dà nínú ìfun kékeré wa. Tó bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín ibẹ̀ á jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ á sì kún inú. Èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ ọ̀hún kì í rùn rárá. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ní imí-ọjọ́ (sulphur) nínú, tó dà pọ̀ mọ́ ọn, ló ń tú àṣírí!

Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kẹ́ ẹ da omi yẹn nù kẹ́ ẹ tó sè é. Á dín kù, àmọ́ kò ní tán o.