Ìyá àgbà wà nílé, ẹ ń wá tíṣà Látìn

Gbólóhùn kan wà láàárín lẹ́tà yín tí ẹ fò kọjá bí ẹni tó tẹ ìjàlọ: "Láti ọdún tó kọjá la ti dá Yorùbá sísọ dúró nínú ilé kó má baà da ẹ̀kọ́ wọn rú, a sì ti bẹ ìyá ọkọ mi kí wọ́n dín tiwọn náà kù." Bí ẹ ṣe kọ ìyẹn tán, ẹ padà sórí Látìn bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

Kí ẹ̀yin òǹkàwé lè bá wa lọ: Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá tó kọ lẹ́tà yìí ń gbé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èyí obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni kan tó ń kọ́ni ní ìlànà àtijọ́ ni wọ́n ń lọ: Bíbélì, àkọ́sórí, ìtàn Gíríìsì àti Róòmù, àti Látìn, èdè àwọn ará Róòmù ìgbàanì. Ilé ẹ̀kọ́ ní kí àwọn òbí máa ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn nílé. Ìyá kò gbọ́ Látìn, bàbá kò gbọ́. Wọ́n wá ń béèrè bóyá kí àwọn gba tíṣà Látìn tí yóò máa wá fún wákàtí méjì gbogbo Sátidé, tàbí kí àwọn san owó ètò kan lórí fóònù. Ìyá ọkọ ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Màmá yìí a máa ka Bíbélì Yorùbá sókè ní ìdájí, "bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́."

Àlọ́ o! Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dé-Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ahọ́n ni. Ọmọ yín kò mọ̀ ọ́n, n kò sì nílò láti wá sí Tákìé kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Irú lẹ́tà yìí ti ń pọ̀ jù. Òbí á fi ọmọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí olórí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èdè, ohun tí yóò sì kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò gba èdè kan kúrò lẹ́nu ọmọ náà. Ṣé ẹ tiẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó? Ọ̀rọ̀ kan tí obìnrin òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dorothy Sayers, sọ ní Oxford ní 1947 ni púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ń tẹ̀ lé. Ó fi ọmọ kékeré wé ayékòótọ́: ohun tó bá gbọ́ ni yóò máa wí, àwítúnwí a sì máa dùn mọ́ ọn. Nítorí náà, kí wọ́n fi àwọn ọdún yẹn kó nǹkan sí i lórí. Bó bá tó bí ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti di iyàn lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń jiyàn tí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ fi ń múlẹ̀. Láti bí mẹ́rìnlá sókè, kí wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kó wọ àwùjọ létí. Gírámà, lọ́jíìkì, rẹ́tọ́ríìkì ni orúkọ tí wọ́n ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àkọ́sórí, iyàn, ọ̀rọ̀ sísọ. Ta ló mọ̀ wọ́n jù nínú ilé yín? Obìnrin tó lè ki Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété láìwo ìwé, tó ń fi òwe kan ṣoṣo parí ẹjọ́ tí ẹ̀yin àti ọkọ yín ti fi odindi ìrọ̀lẹ́ rò. Àwọn lẹ ní kí wọ́n dín in kù.

Bí ẹnì kan bá ti sọ fún yín pé àlọ́ àti oríkì kò yẹ ilé Kristẹni, ẹ bá mi wo ìwé ìtàn ọmọ yín. Ẹ ń sanwó kí wọ́n lè sọ ìtàn àwọn òrìṣà Róòmù fún un, ẹ wá ń sá fún ìjàpá.

Ẹ jẹ́ ká dé orí Látìn tó ń dẹ́rù bà yín. Ní Yorùbá, ibi tí ọ̀rọ̀ bá jókòó sí ló ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan. Ọdẹ pa ẹkùn. Ẹkùn pa ọdẹ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà ni, ṣùgbọ́n nínú èkejì, ilé ọdẹ ni ẹkún ti sọ. Ní Látìn, ìparí ọ̀rọ̀ ló ń sọ ọ́. Puella ni ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan, puellam ni ọmọbìnrin tí wọ́n ń ṣe nǹkan sí, ibi yòówù kí ó jókòó sí. Agricola puellam amat, puellam agricola amat: nínú méjèèjì, àgbẹ̀ ló fẹ́ràn ọmọbìnrin náà. Ọmọ tí èdè méjì ti wà lẹ́nu rẹ̀ yóò tètè rí i pé bí èdè yìí ṣe ń ṣe tirẹ̀ kọ́ ni tọ̀hún ń ṣe. Ọmọ elédè kan á rò pé wèrè ni Látìn.

Ẹ tún wo àmì ohùn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ọ̀kan ń sùn tì yín, ọ̀kan ń kọ ebè, ọ̀kan ń gbé yín lọ sí Ìlọrin, ọ̀kan ni wọ́n fi ń jagun. Látìn náà ní irú rẹ̀. Puella tí ìparí rẹ̀ kúrú yàtọ̀ sí puellā tí a fa ìparí rẹ̀ gùn, àmì kékeré orí a yẹn nìkan ló sì yà wọ́n nínú ìwé. Ọmọ tí etí rẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré pé ohùn ń yí ìtumọ̀ padà kò ní fojú tín-ínrín àmì náà. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò máa gbàgbé rẹ̀ nínú ìdánwò, tí ẹ ó máa sọ pé kò fọkàn sí i.

Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣogùn, kọ́ Látìn àti Gíríìkì ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní ilẹ̀ Sàró. Kò torí bẹ́ẹ̀ ju Yorùbá nù, Yorùbá gan-an ló kó ẹ̀kọ́ náà lé lórí. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe jáde ní 1843, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun ló sì ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ tó fi di pé odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884. Ẹni tó gbọ́ Látìn ló ṣe ìwé tí Màmá ń kà ní ìdájí. Ẹ ń gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ láti inú yàrá, ẹ sì ń fi ìrọ̀rí bo etí.

Ní ti tíṣà Sátidé: rárá. Wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò lè ṣe ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ ń ṣe, nítorí ohun tí ọmọ kọ́ ní Sátidé, púpọ̀ rẹ̀ ti ṣí lọ kó tó di Ọjọ́bọ̀, ẹ ó kàn máa tún ọ̀sẹ̀ kan náà san ni. Ewu kejì wà tí àwọn òbí kì í mọ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà pe Látìn. Àwọn kan ń pè é bí ìjọ Àgùdà ṣe ń pè é, àwọn kan bí wọ́n ṣe gbà pé àwọn ará Róòmù ìgbàanì pè é. Vici á di "fíìṣì" lẹ́nu ọ̀kan, "wíìkì" lẹ́nu èkejì. Bí tíṣà ilé bá ń pè é báyìí, tí ti ilé ìwé ń pè é lọ́hùn-ún, ọmọ á dákẹ́ fún àwọn méjèèjì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé èwo ni tiwọn, ẹ sì gbàgbé tíṣà. Ẹ má sì lọ máa yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú yín ní 1898 lẹ́nu. Gíríìkì àti Hébérù ni ti àwọn yẹn.

Ètò orí fóònù, ẹ má dárúkọ rẹ̀ fún mi mọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń fi fóònù ṣe bí ẹ bá ti yísẹ̀ padà.

Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó máa tẹ́tí sí Látìn wọn lówùúrọ̀, lẹ́yìn àdúrà, kí wọ́n tó wọ aṣọ ìwé. Ẹ kò nílò láti mọ̀ ọ́n, ojú tó ń ríran àti ìka kan tó. Ọmọ á ké àtẹ ọ̀rọ̀ ìṣe "fẹ́ràn" tó wà nínú ìwé rẹ̀ láìwò ó, ẹ̀yin á máa fi ìka tẹ̀ lé e nínú ìwé: amo, amas, amat, amamus, amatis, amant. Ibi tó bá ti yà kúrò lójú ìwé, ẹ gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sọ ìdáhùn fún un. Ẹ ka ení dé àrún nínú yín. Bí kò bá rántí, ẹ ṣí ìwé sí i lójú, kó wò ó, kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń sáré sọ ìdáhùn fún ọmọ, orí ara rẹ̀ ló ń kọ́.

Fún àwọn ọ̀rọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gé páálí tí ẹ ìbá jù nù sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Látìn lójú kan, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì lójú kejì. Páálí bàtà kan tí ẹ pín inú rẹ̀ sí mẹ́ta ni ilé rẹ̀: ojoojúmọ́, Ọjọ́rú, Sátidé. Ọ̀rọ̀ tuntun márùn-ún lọ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá gbà ní ọjọ́ mẹ́ta léraléra á kúrò ní ojoojúmọ́ bọ́ sí Ọjọ́rú, láti ibẹ̀ sí Sátidé. Èyí tó bá ṣì, ibikíbi tó wà, á padà sí ojoojúmọ́. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé orí ìyá á yá lọ́sẹ̀ kejì, yóò kó ogún ọ̀rọ̀ sí i, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá á di ìṣẹ́jú ogójì, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ní inú rírun tí páálí bàtà yẹn bá ti hàn.

Ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti Màmá. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí iná tẹlifíṣọ̀n kú, kì í ṣe kí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ sì jókòó tì wọ́n. Sáàmù 121 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ mẹ́jọ ni. Ọjọ́ mẹ́ta fún ẹsẹ kan. Ní ọjọ́ kìíní, Màmá á sọ ẹsẹ náà lábọ̀ lábọ̀, àwọn ọmọ á gbà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ọjọ́ kejì, Màmá á sọ àbọ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ á parí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ nìkan. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, ó ti wọlé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní nígbà gbogbo o, torí ìyẹn ni ọmọ fi ń mọ ìbẹ̀rẹ̀ Sáàmù bí orúkọ rẹ̀, tí ìparí á sì máa gbọ̀n lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ tó kẹ́yìn bọ̀ wá sókè.

Lẹ́yìn Sáàmù, ìtàn. Ọmọkùnrin yẹn á ka ẹsẹ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún Màmá, ní Yorùbá. Ìtàn Dáfídì àti Gòláyátì ní Sámúẹ́lì kìíní, orí 17, dára. Ẹsẹ méjìdínlọ́gọ́ta ni, ó tó alẹ́ mẹ́rin sí mẹ́fà. Kó pa ìwé dé, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún Màmá ní ọ̀rọ̀ ara wọn. Àbúrò ni kó kọ́kọ́ sọ, nítorí bí ẹ̀gbọ́n bá ṣáájú, á gbá gbogbo rẹ̀ lọ, èyí kékeré á ní "bí wọ́n ṣe sọ yẹn náà ni." Ẹ má bi wọ́n ní "kí lẹ rí kọ́?" Gbogbo ọmọ ló mọ ìdáhùn yẹn, "ká máa gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu," wọn á sọ ọ́ kódà bó jẹ́ ìtàn ọkọ̀ Nóà lẹ kà. "Ẹ sọ ọ́ fún mi" ni kí Màmá wí, kí gbogbo ilé sì dákẹ́ títí wọn á fi parí.

Gẹ̀ẹ́sì á máa jábọ́ sínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kan tí ẹ fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́ kò ní tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí Màmá kàn fún wọn ní ọ̀rọ̀ tó sọnù, kí wọ́n sì máa lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ìwé dídà kọ wà níbẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bíbélì àtijọ́ tí Màmá ń lò kò fi àmì sórí púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ sì lè fi ìyẹn ṣe iṣẹ́. Ọmọ á da ìlà méjì kọ bó ṣe rí, Màmá á kà á jẹ́ẹ́jẹ́, òun á máa fi àmì sí i, dò, re, mí, bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá jiyàn lórí ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á. Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, àlọ́ àpamọ̀ nìkan. "Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́": ọmọ tó rò ó títí tó fi dé orí ọmọrogùn nínú ìkòkò ti ń ṣe lọ́jíìkì, kò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Ọmọkùnrin yín yóò pé mọ́kànlá láìpẹ́, á wá máa béèrè ìdí gbogbo nǹkan. Ẹ má pè é ní aláfojúdi. Òfin kan ṣoṣo ni kí ẹ fún un: kí ó kọ́kọ́ tún ohun tí ẹ sọ sọ, títí ẹ ó fi ní "bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn," kó tó sọ tirẹ̀. Kó sì fi "ẹ" sọ ọ́. Mo fẹ́ mọ èwo nínú "ẹ" àti "o" ló ń fi bá ìyá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí.

Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní ibì kan láti dé nínú ilé yẹn, yàrá Màmá ni. Ẹ̀yin àti ọkọ yín, lórí ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, kì í ṣe láti ẹnu ọ̀nà. Owó oṣù àkọ́kọ́ tí ẹ ti yà sọ́tọ̀ fún tíṣà, ẹ fi gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, kí wọ́n gba gíláàsì ìkàwé, kí ẹ sì fi ìyókù ra Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà.