Kí la máa fi mọ̀ pé ibùdó ìtọ́jú okòwò ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mí ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Ibùdó kan tí ó ń fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá òwò sílẹ̀ ní àyè, iná àti ẹ̀kọ́ ti kọ̀wé sí wa pé kí a fowó ran àwọn lọ́wọ́. Àwòrán àwọn tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ló kún inú ìwé náà. Kí ló yẹ kí a bèèrè kí a tó fọwọ́ kan owó ẹgbẹ́? — Akọ̀wé, Mọ́kọ́lá

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú owó olówó. Ní ọdún 1959 ni irú ibùdó báyìí kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Batavia, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Joseph Mancuso pín ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ti ṣófo fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ẹyin adìẹ ni ọ̀kan nínú wọn ń pa, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi orúkọ ẹ̀rọ ìpẹyin, “incubator” lédè Gẹ̀ẹ́sì, pe ibùdó náà. Ẹni tó bá ti sin adìẹ rí mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ẹyin pa nínú ooru ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ni kí òròmọdìẹ yè nínú òtútù ìta.

Nítorí náà, ẹ bèèrè àwọn tí wọ́n jáde ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ gba orúkọ gbogbo wọn, àti ti àwọn tó ti kógbá sílé, kí ẹ sì lọ bá àwọn tí ẹ̀yin fúnra yín bá ṣà níbẹ̀.

Obìnrin kan tí mo mọ̀ ní Bódìjà ń ṣe wàrà sóyà nínú irú ibùdó bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ hàn mí: èrè wà ní gbogbo oṣù tó fi wà níbẹ̀. Ní oṣù tó jáde, ìlà tuntun méjì péré ló wọnú ìwé náà, owó ilé àti owó epo jẹnẹrétọ̀, èrè sì pòórá. Ó dùn mí, nítorí pé òwò náà kò fìgbà kan jèrè rí. Ibùdó ló ń bá a ru ẹrù rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣírò owó ilé àti iná mọ́ ọn kí wọ́n tó pe ohunkóhun ní èrè.

Ibi tó le jù nìyí: ibùdó tó bá ṣa kìkì àwọn tó já fáfá lè máa yangàn lórí iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ètò YouWiN tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2011 kọ́ wa ní ọgbọ́n kan. Owó ni wọ́n pín níbẹ̀ fún àwọn tó ní òwò àti àwọn tó fẹ́ dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti mú àwọn tó ta yọ jù, ìbò ni wọ́n ṣẹ́ láàrin àwọn tó kù tí wọ́n tóótun, èyí tó lé ní 700 sì jẹ. David McKenzie ti Báńkì Àgbáyé wá tọpa àwọn tó jẹ àti àwọn tí kò jẹ. Láàrin àwọn tó fẹ́ dá òwò tuntun sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bí a bá mú ọgọ́rùn-ún ẹni nínú ìhà kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ṣì ń ṣòwò nínú àwọn tó jẹ fi ẹni 37 ju ti àwọn tí kò jẹ lọ. Ìfiwéra tó ṣe é gbára lé nìyẹn, torí pé ẹgbẹ́ ni wọ́n jọ jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ibùdó yín lè má ṣẹ́ ìbò, ṣùgbọ́n yóò ní ìwé orúkọ àwọn tó díẹ̀ kù kí wọ́n wọlé. Ẹ wá márùn-ún nínú wọn rí. Bí àwọn náà bá ń ṣe dáadáa bí àwọn tó wọlé, ẹ dá owó yín dúró ná. Bí ibùdó náà kò bá sì lè dárúkọ àwọn tó kógbá sílé fún yín, èmi kò ní bá yín fọwọ́ sí i.