Fọ́ọ̀kì tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò: kí ẹ tó ta èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní fọ́ọ̀kì iwájú kẹ̀kẹ́ òkè yín, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú tó sì ń gba gbígbọ̀n mọ́ra, ṣì dáa, àmọ́ ọkàn yín ti fà sí àwọn tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó iye tí wọ́n ń pè é. Mo ti gun irú ẹ̀ láàárín òkúta Peak District ní England àti nínú ẹrẹ̀ Wales. Èrò tèmi rèé: tí ẹ kì í bá tú fọ́ọ̀kì fúnra yín, ẹ má tíì rà á.

Ó ní adùn tiẹ̀ o. Nínú èyí tí gbogbo wa mọ̀, ọ̀pá tín-ínrín ló wà lókè, èyí tó sanra ló di táyà mú nísàlẹ̀. Nínú eléyìí, ọ̀pá tó sanra ló wà lókè, níbi tí ìnira pọ̀ sí jù tí ẹ bá tẹ bíréèkì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà kì í tẹ̀ sẹ́yìn bọ̀rọ̀. Ọ́ìlì sì máa ń jókòó sórí síìlì, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, ní gbogbo ìgbà, kì í jẹ́ kó gbẹ. Ibẹ̀ gan-an ni adùn ẹ̀ wà. Gbòǹgbò igi àti òkúta wẹ́wẹ́ tó máa ń gbọ̀n yín lọ́wọ́ títí ìka á fi kú, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ti pé apá tó ń bá táyà lọ sókè sódò fúyẹ́ sí i, tí àwọn tó ń tà á ń pariwo, èmi ò kà á sí: magnesium fẹ́lẹ́ ni ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì tó wọ́pọ̀ náà.

Wàhálà ẹ̀ ni pé kò sí afárá tó so ọ̀pá ìsàlẹ̀ méjèèjì pọ̀ lókè táyà. Axle, ọ̀pá tó gba àárín táyà kọjá, nìkan ló dì wọ́n mú. Tí táyà bá há sáàárín òkúta méjì, tí ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sọ́tùn-ún, táyà á kọ́kọ́ rò ó wò kó tó tẹ̀ lé yín. Lórí eré, ẹ lè má fura. Ìdí nìyẹn tí RockShox, iléeṣẹ́ tó ń ṣe fọ́ọ̀kì, fi ṣe họ́ọ̀bù (àárín táyà tí axle ń gbà kọjá) ọ̀tọ̀ fún RS-1, fọ́ọ̀kì irú èyí tiwọn, lọ́dún 2014, tí iléeṣẹ́ Fox náà sì lo axle 20 mm fún Podium tiwọn lọ́dún 2025 dípò 15 mm tó wọ́pọ̀. Tí ẹ bá sì yọ táyà, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á máa yí káàkiri. Ẹ wá dá a padà nínú òtútù, ẹ ó rí i.

Èyí tó dùn mí jù ni síìlì. Ọ̀pá dídán tó ń wọlé tó ń jáde ti wá wà nísàlẹ̀, níbi tí òkúta ń ta sí. Mo fọ ẹrẹ̀ kúrò lára tèmi lọ́jọ́ kan, mo fi èékánná wọ́ ọ, mo bá ojú ibi tí òkúta ti ha á lẹ́sẹ̀ òsì. Kò pẹ́ tí ọ́ìlì fi ń jò gba ibẹ̀, ó sì ń ṣàn tààrà sára díìsìkì bíréèkì. Mo tẹ bíréèkì iwájú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó kàn ń han ni, kò mú. Páàdì yẹn ò ṣe é fọ̀, mo sọ ọ́ nù. Tí òkúta bá ha fọ́ọ̀kì tó wọ́pọ̀, púpọ̀ nínú ọ́ìlì ẹ̀ á ṣì wà nísàlẹ̀ nínú ẹ̀.

Tí ọkàn yín bá ṣì wà níbẹ̀, èyí tó ní ike ìdáàbòbò níwájú ọ̀pá ni kí ẹ wá, kí ẹ sì béèrè bóyá síìlì ẹ̀ ṣe é tètè rí rà. Ẹ yá ti ẹlòmíì, ẹ má gùn ún lórí títì, ẹ gbé e lọ sáàárín òkúta kí ẹ rọra yí i. Ẹ sọ bí ẹ ṣe wúwo tó àti irú ilẹ̀ tí ẹ ń gùn fún wa, torí ẹni tó bá wúwo ló máa ń mọ yíyí yẹn lára jù.