Èsì: Kí ni ẹ̀ka ìlera aráàlú ń ṣe gan-an?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí ni ẹ̀ka ìlera aráàlú ní ìpínlẹ̀ ń ṣe nígbà tí kì í ṣe àwọn ló ń tọ́jú aláìsàn. Iṣẹ́ tiwọn ni pé kí aláìsàn má pọ̀.

Ẹ rántí Ebola. Ní ogúnjọ́ oṣù Keje, 2014, aláìsàn kan balẹ̀ sí Èkó láti Liberia. Dókítà Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò jẹ́ kó kúrò ní ilé ìwòsàn. Àrùn náà ló padà pa dókítà yìí, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Àwọn tó ti fara kan ọkùnrin náà ńkọ́? Ibẹ̀ niṣẹ́ ẹ̀ka ìlera aráàlú wà. Wọ́n ń to orúkọ jọ, láti orí ẹnì kan dé orí ẹlòmíì, títí ó fi lé ní 890 ní Èkó àti Port Harcourt. Fún ọjọ́ 21, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn wọn: wọn ò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, wọ́n á wò ó bóyá ara ń gbóná, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Ènìyàn 20 péré ló kó o, 8 kú. Nílùú tó kún bí Èkó!

Lónìí náà, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn. Bí ẹsẹ̀ ọmọdé bá ṣàdédé rọ, òun ló ń gba ìgbẹ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, tó ń gbé e sínú yìnyín lọ fún àyẹ̀wò rọpárọsẹ̀. Tí ẹ bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá òṣìṣẹ́ yìí lọ.