Ó Ń Kàwé, Síbẹ̀ Kò Yege

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Balógun, Ìsàlẹ̀ Èkó sì ni a ń gbé. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2. Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá: bí mo bá ti ọjà dé lálẹ́, ìdí ìwé ni mo ń bá a, ó sì ti fi bírò aláwọ̀ ìyeyè kun gbogbo ojú ìwé nóòtì rẹ̀. Bí mo bá bi í, á ní, "Màámi, mo ti mọ̀ ọ́n." Ṣùgbọ́n ní sáà tó kọjá, máàkì 38 ni ó gbà nínú báyọ́lọ́jì. Ẹkún ni ó ń sun, nítorí ó ti fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò yege. Àwọn ẹbí ní kí n gba olùkọ́ tí yóò máa wá kọ́ ọ nílé. Ṣé kí n wá owó yẹn ni, àbí orí ọmọ yìí ni kò gba ẹ̀kọ́?
Ìyá Aláṣọ, Ìsàlẹ̀ Èkó

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, Ìyá Aláṣọ. Orí ọmọ yín pé. Ibi tí ẹ ti sọ pé ó fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò yege ni mo dúró lé nínú lẹ́tà yín, nítorí ibẹ̀ ni ìṣòro náà wà: ọmọ náà kò tíì lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ohun tí ó mọ̀ àti ohun tí ojú rẹ̀ ti rí títí tó fi mọ́ ọn lára. Bí ènìyàn bá ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹrin, kíkà náà á máa yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé òun ti gbà á sórí, ṣùgbọ́n ìwé náà kò ní sí níwájú rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Láàrin ọdún 1970 sí 1979 ni onímọ̀ ìrònú ọmọ ènìyàn kan ní Amẹ́ríkà, John Flavell, fún ọ̀rọ̀ yìí ní orúkọ, "metacognition" lédè Gẹ̀ẹ́sì: kí ènìyàn máa ronú nípa ìrònú ara rẹ̀, kí ó sì máa ṣọ́ ọ. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn ọmọdé kọ́ àwọn nǹkan kan títí yóò fi dá wọn lójú pé wọ́n lè kà á jáde láìṣì í. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ ní àwọn ti ṣe tán, òótọ́ sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn kéékèèké náà ní àwọn ti ṣe tán, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi wọ́n, kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà pàápàá ń bọ́ sínú ọ̀fìn yìí. Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àyọkà kan. Àwọn kan fi àkókò mẹ́rin kà á lákàtúnkà. Àwọn mìíràn fi àkókò kan kà á, wọ́n wá pa ìwé dé, wọ́n sì fi àkókò mẹ́ta kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó kà á lákàtúnkà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí 40 nínú 100 ni àwọn wọ̀nyí rántí, tí àwọn tó pa ìwé dé sì rántí nǹkan bí 61. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó kà á lákàtúnkà ló dá lójú jù lọ pé àwọn yóò rántí. Ọmọ yín gan-an nìyẹn.

Ẹ wo ọjà tiyín. Bí ẹ bá fẹ́ lọ ra ọjà tuntun, ẹ kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí ẹ wò ó pé ó kún, kí ẹ sì lọ. Ẹ ó tú ańkárá àti léèsì sílẹ̀, ẹ ó kà wọ́n, nítorí ṣọ́ọ̀bù lè kún fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ojú ni ọmọ yín fi ń wo ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó máa kà á.

Bí ó bá ka bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara lónìí, kí ó pa nóòtì náà tì di ọ̀la. Kí ó tó ṣí i lọ́la, kí ó kọ́kọ́ kọ iye tí ó rò pé òun yóò gbà nínú 10, kí ó wá kọ gbogbo ohun tí ó rántí láti ẹnu títí dé ìfun, kí ó sì fi nóòtì máàkì ara rẹ̀. Bí ó bá kọ 8 tí ó sì gba 3, àlàfo 5 yẹn ni ẹ̀kọ́ náà. Ó ṣeé ṣe kí ó dárúkọ gbogbo ẹ̀yà ara wọ̀nyẹn láìlè sọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Dídúró di ọ̀la ṣe pàtàkì, nítorí lójú ẹsẹ̀ tí a bá pa ìwé dé, ohun gbogbo ni a máa ń rò pé a mọ̀.

Ẹ̀yin náà lè ràn án lọ́wọ́, bí ẹ kò tilẹ̀ ka báyọ́lọ́jì rí. Ẹ ní kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bí ẹ ti ń ká aṣọ. Bí ó bá kàn ń já gbólóhùn inú nóòtì lu ara wọn, kò tíì yé e. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń bi kíláàsì pé, "Ṣé ó yé yín?" tí gbogbo wọn á dáhùn pé, "Ó yé wa," tí èmi náà á sì gbà, ó dùn mí pé n kò tètè máa ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Bí ilé ìwé bá lè fún un ní ìwé ìdáhùn tó gba 38 yẹn, kí ó wo ibi tí máàkì kọ̀ọ̀kan ti lọ: ṣé kò kà á ni, ṣé ó kà á tó gbàgbé, àbí ó ṣi ìbéèrè kà?

Ẹ má tíì ná owó olùkọ́ ilé, nítorí bí ó bá tún jókòó tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ fún un, ìdánilójú asán náà ni yóò máa pọ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yóò nira. Yóò máa gba 3 àti 4, yóò sì rò pé òun ń padà sẹ́yìn. Ẹ má ṣe bá a wí. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó bá sọ fún yín pé, "Màámi, mo mọ èyí tó kù, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ iṣẹ́ ẹ̀dọ̀," ẹ yìn ín dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí ó lọ ka ti ẹ̀dọ̀ nìkan.